Ahọ́n Tí Mo Yá Lò

Mọ́ńdè, 4 oṣù karùn-ún

Dírípù àkọ́kọ́ lónìí. Mo rò pé oògùn náà máa gbóná bó ṣe ń wọ inú iṣan, àṣé tútù ló máa ń tutù. Nọ́ọ̀sì ní iṣan mi ń sá fún òun. Mo ní, "Iṣan mi gbọ́n jù mí lọ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì pàpà rí i mú.

Ọkọ mi ò wọlé. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níta, ó lóun ò lè wo abẹ́rẹ́. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń pariwo sí létí láàárọ̀ lálẹ́, abẹ́rẹ́ ló wá ń bà á lẹ́rù.

Mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé mo lọ kí àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n gé ọmú òsì kúrò ní oṣù kejì, òkúta inú òróòro ni mo ní wọ́n yọ. Irọ́ náà ti ń di ìdílé, ó ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Oúnjẹ ni mò ń tà. Bí àdúgbò bá gbọ́ pé ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ní jẹjẹrẹ, ta ló máa ra búrẹ́dì fún ọmọ ẹ̀? Ọkọ mi ti búra pé òun ò ní sọ fẹ́nì kan. Dírípù mẹ́fà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Mo máa ṣe é, mo sì máa tajà. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Wẹ́sìdé, 6

Mo bì. Mo tún bì. Òjò ò dá. Ìyẹ̀fun tún ti gbówó lórí, ẹni tó ń gbé e wá ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Ẹjọ́ ta wá ni?

Sátidé, 9

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Oníná wò mí títí. Òun ló ń dúró ti ààrò, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iná yẹn lẹ́yìn ẹ̀, èmi gan-an ò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ mà rù o." Mo ní, "Àbúrò mi ò mọ oúnjẹ sè." Ó ní "Hẹ̀ẹ́n," ó yíjú sí iná rẹ̀.

Inú mi dùn láti rí tábìlì mi. Bí màmá mi ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣì ń ṣe é: ọwọ́ ni mo fi ń wọn iyọ̀, ahọ́n ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Oníná tó gé ìyẹ̀fun sínú páànù, màá já bíńtín nínú ẹ̀, màá fi sẹ́nu, màá dijú. Bí mo bá ti mi orí, ó di inú ààrò. Kò sí òṣùwọ̀n ní ilé iṣẹ́ mi fún iyọ̀. Màmá mi ní ẹni tó bá ń fi òṣùwọ̀n wọn iyọ̀, àwọn tó máa jẹ ẹ́ ò jẹ ẹ́ lógún.

Mọ́ńdè, 18

Kí ló ṣe ahọ́n mi? Omi ń dà bíi ṣíbí irin. Tíì ń dà bíi ṣíbí irin. Láàárọ̀, mo tọ́ ìyẹ̀fun wò, mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni ń jẹ bébà. Mo bu iyọ̀ sí i. Mi ò gbọ́ ọ. Mo tún bu díẹ̀ títí ahọ́n mi fi gbọ́ ọ fírí. Ìgbà yẹn ni mo mi orí fún Oníná.

Fúráìdé, 22

Mo ki kọ́ọ̀mù bọ orí, irun sì bá kọ́ọ̀mù lọ. Ọkọ mi bá mi fá èyí tó kù ní ẹ̀yìnkùlé. Ó fọwọ́ pa orí mi, ó ní ó rẹwà. Mo ní, "Kẹ́ ẹ tó fẹ́ mi ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé orí mi rẹwà?" Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti fá a láti ọjọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé. Àǹfààní iṣẹ́ wa nìyí ṣá: gbogbo wa là ń bo orí. Kò sẹ́ni tó máa fura.

Mọ́ńdè, 25

Dírípù kejì. Oorun pa mí nínú àga. Ooru mú.

Wẹ́sìdé, 3 oṣù kẹfà

Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Gbogbo búrẹ́dì tán kí oòrùn tó ga. Àná náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Tíṣà tó ń gbé lókè wa, tí kì í ra nǹkan kó má rojọ́, tó jẹ́ pé bí kò bá ní èèpo ẹ̀yìn jó, á ní inú ò jinná, òun ló ra méjì lónìí tó ní, "Ó dùn gan-an, mà." Mi ò tíì bi í léèrè. Àwọn obìnrin ilé ìránṣọ náà ní ó dùn. Gbogbo èèyàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo rò nínú ara mi pé, ìwọ obìnrin yìí, o ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àìsàn dé, iṣẹ́ ò yẹ̀.

Sátidé, 6

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ìyá Òdìkejì wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tiẹ̀ kọjú sí tèmi gan-an, láti ọjọ́ tó sì ti ṣí i, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ọjà" nìkan ló ń kọjá láàárín wa, ìyẹn náà láìsí ẹ̀rín. Ó jù mí lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí n mọ̀. Ó gbé ègé búrẹ́dì kan kalẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Ṣebí ẹ rí àmì mi lẹ́yìn ẹ̀."

"Ahọ́n wo lo fi tọ́ ọ wò? Iyọ̀ inú ẹ̀ tó fi ẹran pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń rí báyìí."

Mo ní inú ló ń bí i torí pé búrẹ́dì mi ń tán tí tiẹ̀ ń sùn. Mo ní kó gbé ègé búrẹ́dì rẹ̀, kó máa lọ. Kò mira. Ó ní kí n pe ẹni tó bá wù mí kó wá tọ́ ọ wò. Mo pe Oníná. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì bí ẹni gbé òkúta mì.

"Ó... ó dùn, Màmá."

Ìyá Òdìkejì pòṣé. "Wojú ẹ̀, kó o tún un sọ."

Oníná ò lè wojú mi. Ó ń wo iná. "Ẹ má bínú, Màmá. Iyọ̀ ti ń pọ̀ nínú ẹ̀ láti oṣù tó kọjá."

"Oṣù tó kọjá! Ẹnu ń dùn ọ́ ni, tí o ò fi lè sọ fún mi?"

"Bàbá ló sọ fún mi pé ara yín ò yá. Wọ́n ní ká má bà yín nínú jẹ́."

"Ta ni 'ká'?"

Ìyá Òdìkejì ló bá a dáhùn. Ó ní gbogbo àdúgbò ni. Ọkọ mi sọ fún Oníná, Oníná sọ fún Tíṣà, Tíṣà sọ fún àwọn obìnrin ilé ìránṣọ, wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n máa ra búrẹ́dì náà, kí wọ́n máa ní ó dùn. Tíṣà ń rẹ tiẹ̀ sómi fún adìyẹ. Àwọn adìyẹ náà ń mumi bí ẹṣin.

Mo lé gbogbo wọn jáde, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ìtìjú yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo rò pé èmi ni mò ń gbé ara mi dúró, àṣé àánú ni wọ́n ń fi gbé mi kiri bí ìkókó. Mo ń rìn láàárín wọn, mò ń yangàn, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú lẹ́yìn mi. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ.

Sọ́ńdè, 7

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mi ò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ látàná, òun náà ń rìn bí ẹni tẹ ẹyin. Lọ́sàn-án, mo ní, "Ẹ búra fún mi."

Ó ní, "Mo búra. Mo sì ń rí ẹ tí ò ń bì lójoojúmọ́. Ta ni kí n sọ fún? Ṣé bọ́ọ̀sì ni kí n sọ fún?"

Mo wọ yàrá lọ.

Túsìdé, 9

Ìpinnu mi rèé. Mi ò lọ gba dírípù mọ́. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló yẹ kí n gba ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Oògùn yìí ló jẹ mí láhọ́n. Bí mi ò bá lè tọ́ búrẹ́dì wò mọ́, kí ni mò ń wo ara mi sàn fún? Ó kéré tán, bí mo bá dá a dúró, ahọ́n mi á padà, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá sì ta búrẹ́dì tó dùn lóòótọ́ fún iye ìgbà tó bá kù fún mi. Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin lórí fóònù. Ó ké títí fóònù fi já. Ọkọ mi ò ké. Ó lọ fọ bọ́ọ̀sì tó fọ̀ lánàá.

Fúráìdé, 12

Ìyá Òdìkejì tún dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wá. Mò ń ṣa aṣọ lórí okùn. Mi ò kí i. Ó jókòó sórí garawa tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀, láìgbàṣẹ.

Ó ní, "Wọ́n ní o ò lọ gboògùn mọ́."

"Ẹnu àdúgbò yìí ò ṣeé dí."

"Orí bíbẹ́ ni ìwọ fẹ́ fi ṣe oògùn orí fífọ́."

Mo ní tí ìwàásù ló bá gbé wọn wá, kí wọ́n dìde lórí garawa mi. Ìyá Òdìkejì ò dìde. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tá a ti ń kọjú síra wa. Àbúrò wọn obìnrin ní jẹjẹrẹ. Gbogbo ilé fi í pamọ́ fún un. Gbogbo ilé ń sọ fún un pé ọgbẹ́ lásán ni, pé ara ẹ̀ ń yá, pé ojú ẹ̀ ń dán. Ìyá Òdìkejì náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tó fi máa mọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà?" Wọ́n ní gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí àwọn.

"Nítorí náà, mi ò lè wojú ẹ kí n ní búrẹ́dì ẹ dùn. Kórìíra mi tó o bá fẹ́."

Mo ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n ní, "Ahọ́n mi ń ṣiṣẹ́. Kí n tó dáná sí ààrò mi láàárọ̀, màá ré kọjá wá síbí, màá bá ẹ tọ́ ìyẹ̀fun ẹ wò. Ìwọ máa po tìẹ bó o ṣe ń pò ó. Tó bá kù díẹ̀, màá ní ó kù díẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, wàá dà á nù. Ṣùgbọ́n wàá lọ gboògùn ẹ."

Mo ní, "Kẹ́ ẹ lè mọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi?"

"Tìẹ wo? Láti ọjọ́ tí mo ti débí, mi ò tíì rí ohun tí mo fẹ́ jí níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ rín in. Mo ní tiwọn náà, ṣúgà ni wọ́n fi ń bo àléébù. Wọ́n ní àwọn ọmọdé kì í jẹ òótọ́, ṣúgà ni wọ́n ń rà.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kí wọ́n wá lọ́la.

Sátidé, 13

Wọ́n wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, wọ́n ti dúró sídìí tábìlì mi pẹ̀lú ìborí iṣẹ́ tiwọn lórí. Mo po ìyẹ̀fun. Mo fọwọ́ bu iyọ̀. Ó rí lára mi bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá pò ó níwájú màmá mi. Wọ́n já bíńtín, wọ́n fi sẹ́nu, wọn ò dijú. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ó pọ̀ jù. Dà á nù."

Mo dà á nù. Ìyẹ̀fun tó gbówó lórí! Mo tún òmíràn pò. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó. Mo fi díẹ̀ sí i, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n mi orí. Mi ò mọ̀ pé orí mímì ẹlòmíì lè dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn oníbàárà dé, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan kan kí n tó sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní jẹjẹrẹ ni. Ọmú òsì ti lọ. Kì í ranni, kì í wọnú búrẹ́dì, ẹni tí kò bá sì fẹ́ rà mọ́, mi ò ní dì í sínú. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún parọ́ fún mi nípa búrẹ́dì mi, kó má ṣe kí mi mọ́. Tẹ́ ẹ bá nífẹ̀ẹ́ mi, ẹ sọ fún mi pé ó burú."

Tíṣà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Mà, ti òní ńkọ́? Torí àwọn adìyẹ mi ní kí n bẹ̀ yín." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, obìnrin kan láti ilé ìránṣọ sì dì mọ́ mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó wà lára mi.

Mọ́ńdè, 15

Dírípù kẹta. Mo lọ. Ọkọ mi wọlé lónìí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dijú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá kí òun bá a wá àga tirẹ̀. Mo ti dárí jì í, mi ò tíì sọ fún un. Kó ṣì máa fọ bọ́ọ̀sì yẹn.

Sọ́ńdè, 21

Alásè ilé oúnjẹ tó wà ní ìkóríta ránṣẹ́ pé òun ò gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ní kì í ṣe òun, àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ òun ni. Ó dùn mí. Láti ìgbà tó ti dé ìkóríta yẹn ni mo ti ń gbé e fún un, mo sì ti bá a yọ̀ nígbà tó bímọ. Mo sọ fún Ìyá Òdìkejì. Mo rò pé wọ́n máa ní á padà. Wọ́n ní, "Kò ní padà. Jẹ́ kó máa lọ." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, ó rọrùn fún mi láti gbé e kúrò lọ́kàn.

Fúráìdé, 26

Ibà. Wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀, dókítà ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i nílé, ọ̀rọ̀ ì bá di ọ̀rọ̀ míì.

Sọ́ńdè, 28

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Túsìdé, 30

Ibà ti ń lọ sílẹ̀. Oníná wá, ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní láti Fúráìdé, àwọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Òdìkejì ti ṣetán láti bá mi po ìyẹ̀fun ní tábìlì mi, àwọn obìnrin ilé ìránṣọ ti ṣetán láti bá mi tà á, Tíṣà ní òun á máa gbé ti àwọn ilé ọ̀nà jíjìn lórí kẹ̀kẹ́ òun. Ohun kan ló dí wọn lọ́wọ́: kò sẹ́ni tó mọ iye iyọ̀.

"Wọ́n ní kí n bi yín, Màmá. Ṣíbí mélòó?"

Mi ò mọ̀. Lóòótọ́, mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ẹlòmíì lè ní ó pọ̀, ó lè ní ó kéré, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀?

Mo ní kó lọ ra iyọ̀ wá àti ọ̀rá. Nígbà tó dé, mo jókòó, mo dijú, mo rò ó pé tábìlì mi ló wà níwájú mi, àti ọpọ́n, àti ìyẹ̀fun tí omi ti wọ̀ lára. Mo bu iyọ̀ bí mo ṣe máa ń bù ú, mo dà á sínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti dijú tí mò ń da iyọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ti padà. Oníná ṣàlàyé fún un. Nọ́ọ̀sì ní òun ti rí nǹkan nínú iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí èyí.

Kó tó lọ, mo ní, "Gbé e fún Ìyá Òdìkejì. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n wọn."

Oníná wò mí. Ó mọ ohun tí mo sọ. Wọ́n ní òṣùwọ̀n, wọ́n sì ní ìyẹ̀fun tiwọn. Lẹ́yìn òní, ohun tí màmá mi ò fi han ẹnikẹ́ni àfi èmi wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójúkojú mi. "Ṣó dá yín lójú, Màmá?" Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú tó bí mo ṣe sọ ọ́.

Fúráìdé, 3 oṣù keje

Wọ́n dá mi sílẹ̀. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá kí n tó délé. Ìlà àwọn oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin ilé ìránṣọ kan ń tajà, ó de fìlà sórí bí ọ̀gá. Mo bi Tíṣà pé ó ṣe rí. Ó ní, "Ó dáa, mà. Èèpo ẹ̀yìn ló jó díẹ̀ lánàá." Ọkàn mi balẹ̀. Tó bá ti ń rojọ́, ó ti dáa nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Òdìkejì bá mi délé. Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ṣe kékeré kan pẹ̀lú ẹ̀ ní ààrò mi."

Mo ní, "Ní ààrò yín?"

"Mo gbé e fún àwọn oníbàárà mi. Wọ́n ní ṣé mi ò ní ṣúgà ni." Wọ́n pòṣé. "Máa mú tìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ojú abẹ tó wà láyà mi ń dùn mí. Ẹlòmíì ì bá fi pamọ́ pé òun tiẹ̀ dán an wò. Ibẹ̀ ni mo ti gbà wọ́n gbọ́ pátápátá, mo sì pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó tó àsìkò.

Mọ́ńdè, 13

Dírípù kẹrin. Dókítà sún un síwájú kí ẹ̀jẹ̀ mi lè gòkè. Ọkọ mi la ojú kan.

Tọ́sìdé, 23

Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Wọ́n ní iyọ̀ ti tó, mo ní ó kù. Wọ́n ní, "Ahọ́n ta ni?" Mo ní, "Búrẹ́dì ta ni?" Oníná ní kí àwa àgbà méjì yìí yára, iná ò mọ ìjà. Wọ́n borí. Búrẹ́dì tán kí oòrùn tó ga, owó tí wọ́n san sì jẹ́ owó búrẹ́dì, kì í ṣe owó àánú.

Mọ́ńdè, 3 oṣù kẹjọ

Dírípù karùn-ún. Ìka ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Òjò tún ti padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi bá wa wọlé sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì bi í ní ohun tí èmi ò lè bi í láti ọjọ́ yìí: ṣé oògùn náà ń ṣiṣẹ́? Dókítà ní kókó tó kù ní abíyá mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti fẹ́ẹ̀ pòórá, òun ò sì lè ṣe ìlérí ju ìyẹn lọ títí di àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Ó tó mi. Bí wọ́n bá fún mi ní òótọ́ ní ìdajì, mo lè rìn lórí ẹ̀.

Sátidé, 15

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti dárí jì í. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní láti oṣù kẹfà. Ó ju tówẹ̀ẹ̀lì tó fi ń fọ bọ́ọ̀sì lù mí.

Mọ́ńdè, 24

Dírípù kẹfà. Ìkẹyìn.

Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ju ọmọ mi lọ. Àkọ́kọ́ tiẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin dúró tì í, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè jù. Kò ní dùn ẹ́ rárá. Bí ìgbà téèyàn mu tíì ni. Ojú ẹ ti ń dán, wò ó, o ti ń sàn. Ọmọ náà ń mi orí sí gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde lọ bá dókítà, ó yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ṣóòótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé ẹnu dídùn ló rọrùn jù. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Wàá bì. Irun yìí máa lọ. Oúnjẹ máa yí padà lẹ́nu ẹ. Ọjọ́ kan á sì wà tí wàá sọ pé o ò ṣe mọ́."

Omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Ṣé mo máa yè?"

"Mi ò mọ̀. Èmi náà ò tíì mọ tèmi. Mo mọ̀ pé mo ṣì wà níbí, mo sì ta búrẹ́dì láàárọ̀ yìí kí n tó wá."

Ó sunkún, mi ò ní kó dákẹ́. Bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ò sí sí mi, mo gbà á. Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ ṣé mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn."

Nọ́ọ̀sì yọ abẹ́rẹ́ mi, ó ní mo ti parí, kí n máa lọ sílé, kóun má rí mi mọ́. A dì mọ́ra. Ọkọ mi, tó ti la ojú méjèèjì lónìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti sáré lọ ṣáná sí ọkọ̀. Mo gba ojú fèrèsé ké sí i pé kó pa iná ọkọ̀, pé dírípù ọmọ yìí ò tíì dé ìdajì, màá dúró tì í.